Ẹ̀dínwó tí kò ní orúkọ: àkọsílẹ̀ ìjà owó àtúnṣe lórí ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n tà fún àbúrò

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀ láàárín ọmọ ìyá méjì, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù tí ẹ̀gbọ́n tà fún àbúrò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ni mí, èmi ni wọ́n sì pè nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ohun tí ìyá wọn lè parí. Àwọn méjèèjì gbà pé kí n kọ ọ́, níwọ̀n ìgbà tí n kò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ ni pé mo gbà tọkàntọkàn pé kì í ṣe ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ ló dá ìjà náà sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ni gbogbo wa kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ̀dínwó tí ẹ̀gbọ́n ṣe fún àbúrò ló dá a sílẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó sọ ohun tí ẹ̀dínwó náà wà fún.

Bí ọjà náà ṣe lọ

Ọkọ̀ náà ti pé ọdún 12 nígbà tí wọ́n tà á, ẹ̀gbọ́n sì ti lò ó fún ọdún 5. Kìlómítà 168,400 ló wà lójú rẹ̀ ní ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bọ́ sọ́wọ́ àbúrò. Ẹnìkan láti ìta ti wá wò ó ṣáájú, ó sì ti dárúkọ iye kan tí ẹ̀gbọ́n fara mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n gbọ́ pé àbúrò òun ń wá ọkọ̀ tí yóò máa gbé e lọ síbi iṣẹ́, ó dá ẹni ìta náà dúró, ó sì yọ ìdá kan nínú mẹ́fà kúrò nínú iye tí ẹni náà fẹ́ san. Wọ́n fi ẹnu sọ ọ́ pé kí àbúrò san ìdajì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ó sì pín ìdajì tó kù sí oṣù mẹ́fà. Wọn kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Orúkọ ẹ̀gbọ́n ṣì ló wà nínú ìwé ọkọ̀, wọ́n ní àwọn yóò yí i padà nígbà tí owó bá pé. Èyí nìkan léwu fún àwọn méjèèjì, nítorí bí ọkọ̀ náà bá kọ lu ẹnìkan láàárín àkókò yẹn, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni wọn yóò kọ́kọ́ wá lọ.

Àbúrò kò mú mẹkáníìkì kankan wá yẹ ọkọ̀ náà wò kí ó tó rà á. Nígbà tí mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni mo ṣe fẹ́ mú mẹkáníìkì wá dúró níwájú Bùọ̀dá mi, kó wá máa tú ọkọ̀ tí wọ́n dín owó rẹ̀ fún mi wò? Ṣé kí wọ́n sọ pé mo pe àwọn ní ọlẹ́tàn ni?" Mo bẹ̀ yín, ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, nítorí mo máa padà síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan ní ọjọ́ ọjà náà tí àwọn méjèèjì rántí bákan náà. Ó ní, "Ọkọ̀ yìí kò ní ìyọnu kankan." Ohun tí kò sọ ni pé fún bí oṣù mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ náà, ó ti ń bu omi sí rédíétọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì láìrí ibi tí omi ọ̀hún ń gbà jò, àti pé mẹkáníìkì tó máa ń pààrọ̀ ọ́ìlì fún un ti kìlọ̀ fún un nígbà kan pé kó máa ṣọ́ omi yẹn. Kò fi èyí pamọ́ fún mi nígbà tí mo béèrè. Ó ní òun kò kà á sí àrùn rárá, pé ọkọ̀ tó bá ti dàgbà a máa mu omi. Mo gbà á gbọ́, mo sì tún gbà á gbọ́ di òní.

Ohun tó bàjẹ́

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, nígbà tí àbúrò ti san owó oṣù kan, ó ń bọ̀ láti ìrìn àjò gígùn kan nígbà tí abẹ́rẹ́ tó ń fi bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó hàn gòkè dé ojú pupa. Ó dúró, ó pa ọkọ̀, ó sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. Èsì tó rí gbà ni pé, "Jẹ́ kó tutù, bu omi sí i, yóò gbé ọ délé." Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ náà sì gbé e délé. Ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, ó tún gbé e lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú iná pupa tó ń tàn níwájú rẹ̀, ó ń dúró bu omi lójú ọ̀nà, kò sì pe ẹnikẹ́ni mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, èéfín funfun bo ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì sì kú.

Mẹkáníìkì tí wọ́n fà á lọ bá tú u, ó sì rí i pé tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Fún ẹni tí kò mọ ẹ́ńjìnnì, gásíkẹ́ẹ̀tì yìí ni awẹ́ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi há àárín orí ẹ́ńjìnnì àti búlọ́ọ̀kù rẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, ọ́ìlì, àti iná tó ń bú nínú sílíńdà dàpọ̀ mọ́ra wọn. Bí ó bá là níbì kan, omi lè máa wọ inú sílíńdà díẹ̀díẹ̀, kí ó di oru omi gbígbóná, kí ó sì gba ẹ̀yìn jáde pẹ̀lú èéfín, tó fi jẹ́ pé omi yóò máa dínkù nígbà tí ilẹ̀ abẹ́ ọkọ̀ gbẹ táútáú. Ṣùgbọ́n bí omi bá lọ tán tí wọ́n ṣì ń wa ọkọ̀ náà, orí ẹ́ńjìnnì, èyí tó sábà máa ń jẹ́ alumíníọ̀mù, yóò gbóná kọjá ohun tó lè fara dà, yóò sì wọ́. Ìbàjẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ọ̀kan lè rọra wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Èkejì kò nílò ju ìrìn àjò kan tàbí méjì lọ. Orí ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ohun tí mo sọ fún wọn lẹ́yìn náà dúró lé.

Àbúrò tún ọkọ̀ náà ṣe. Ìwé owó tó gbà lọ́wọ́ mẹkáníìkì ní ohun 14 nínú, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú ìlà kan péré: "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, owó àtúnṣe ọkọ̀ yín nìyí." Ẹ̀gbọ́n kò fèsì fún ọjọ́ mẹ́rin. Èsì tó wá fún un ni pé, "Mo ti san owó yẹn ní ọjọ́ tí mo dín owó ọkọ̀ kù fún ọ." Àbúrò kò bá a jiyàn. Ó kàn dá owó oṣooṣù tó kù dúró, oṣù márùn-ún gbáko, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun dá a dúró.

Ohun tí a yẹ̀ wò

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo gbọ́ tẹnu ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, mo sì bẹ àwọn méjèèjì pé kí wọ́n má bá ìyá wọn sọ̀rọ̀ náà mọ́ títí tí a ó fi parí rẹ̀, nítorí obìnrin náà ti ń gbé ọ̀rọ̀ tí kò yé e láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan lọ sí ọ̀dọ̀ èkejì, ohun tó bá sì dé ọ̀hún máa ń le ju ohun tí wọ́n fi rán an lọ. Lẹ́yìn náà ni mo lọ bá mẹkáníìkì, èmi àti mẹkáníìkì mìíràn tí àwọn méjèèjì kò mọ̀ rí.

Oríire ló jẹ́ pé mẹkáníìkì àkọ́kọ́ kò tíì ju gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ náà nù. Ní ojú ibi tó ti là, ìpẹta àti omi gbígbẹ ti lẹ̀ mọ́ ọn ní ìpele lórí ìpele, àwọn mẹkáníìkì méjèèjì sì fohùn ṣọ̀kan pé ibẹ̀ ti ń jò fún ìgbà pípẹ́, ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ dáadáa. Nípa ti orí ẹ́ńjìnnì, àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ tó bá wọn fá ojú rẹ̀ kó lè tẹ́jú padà fi hàn pé ó ti wọ́ tó mìlímítà 0.22, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì máa ń gbà láàyè kì í sábà ju 0.1 lọ. Mẹkáníìkì kejì ṣàlàyé pé bí ó bá ti wọ́ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tà á, ọkọ̀ náà kì bá tí rin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nítorí náà ó ṣeé ṣe gan-an pé ọjọ́ mẹ́ta ìgbẹ̀yìn ló wọ́.

Àbúrò tún fi ẹ̀sùn kan ẹ̀gbọ́n tó dùn mí gan-an láti gbọ́. Ó ní ó dá òun lójú pé ẹ̀gbọ́n ti ní kí wọ́n pa àmì àṣìṣe rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kí ó tó tà á. Ohun tó ṣeé yẹ̀ wò ni èyí. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ló ní ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ àṣìṣe ẹ́ńjìnnì tó sì ń kọ àmì rẹ̀ sílẹ̀, tí à ń pè ní OBD-II, tí wọ́n ti sọ di dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1996, ètò náà sì máa ń ka iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn láti ìgbà tí wọ́n ti pa àwọn àmì àṣìṣe rẹ́ kẹ́yìn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ta ọkọ̀ yìí, kìlómítà 1,860 ló ti rìn. Iye tí ètò náà kà fún wa, kí mẹkáníìkì tó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú kọ̀ǹpútà, lé ní 9,000. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n pa á rẹ́ ní ìmúra fún ọjà ni, tàbí pé wọ́n tú okùn bátìrì láti fi nu ún, iye méjèèjì ni ìbá sún mọ́ra. Mo fi ìwé tí iye náà wà nínú rẹ̀ han àbúrò. Ó wò ó títí, ó ní, "Mo ti sọ ọ́ fún ọkọ mi. Mo gbọ́dọ̀ lọ bá a sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà yóò parí.

Ohun tí òfin ń wò

Mi ò pè wọ́n lọ sílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ẹsẹ̀ olúkúlùkù dúró. Ní àwọn ilẹ̀ tí òfin ọjà wọn ti ara òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1893 jáde, ẹni tí òwò rẹ̀ jẹ́ títa ọkọ̀ ni òfin máa ń di ẹrù lé lórí pé kí ọjà rẹ̀ dára. Ẹni tó kàn ta ọkọ̀ ara rẹ̀ kò ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀, olùrà ló ní kí ó la ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni náà kò gbọ́dọ̀ sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́. Dídákẹ́ nìkan kì í sábà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin yẹn, gbólóhùn tí kò bá ohun tó wà nílẹ̀ mu sì lè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ bí ẹni tó sọ ọ́ tilẹ̀ rò pé òótọ́ ni. Ní Jámánì, abala 444 nínú ìwé òfin aráàlú wọn sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi àbùkù pamọ́ kò lè sá sábẹ́ àdéhùn pé "bí o ṣe rí i ni o rà á".

Bí ẹ̀gbọ́n bá sọ pé "ọkọ̀ yìí dára", ìyìn ọjà lásán ni n bá kà á sí. "Kò ní ìyọnu kankan" kì í ṣe ìyìn. Ohun tó ṣeé wádìí ni, ẹni tó sì ń bu omi ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì kò yẹ kó ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Ẹ̀dínwó

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ká mi lára jù. Àríyànjiyàn tí ẹ̀gbọ́n mú wá kì í ṣe kékeré. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, ẹ̀dínwó tó ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo owó tí àbúrò ná lórí ẹ́ńjìnnì, tí a bá yọ táyà àti àwọn nǹkan mìíràn kúrò. Ó ní, "Bí mo bá tà á fún ẹni ìta, owó mi ìbá pé, ẹni náà ìbá sì lọ tún un ṣe fúnra rẹ̀. Kí ló dé tí mo fi máa san án lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé mo ṣàánú?" Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ gidi ni.

Lẹ́yìn náà ni mo bi í pé, "Ní ọjọ́ tí o dín owó náà, kí lo sọ fún un pé o dín in fún?" Ó ní, "Mo ní nítorí pé àbúrò mi ni." Mo ní, "Ṣé o sọ pé nítorí omi?" Ó ní rárá, òun kò tilẹ̀ rántí omi lọ́jọ́ náà.

Ohun tí mo sọ fún un ni pé owó tó jáde lọ́wọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn kò lè padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà kó di owó àtúnṣe. Bí ó bá ti sọ pé, "Omi ń dínkù nínú rẹ̀, n kò mọ ìdí rẹ̀, ìdí tí mo fi dín owó fún ọ nìyẹn," àbúrò ìbá ti mọ ohun tó ń rà. Ìbá lè gbà á, ìbá lè kọ̀ ọ́, ìbá sì lè mú mẹkáníìkì wá. Àyẹ̀wò tó ń fi irú àbùkù yìí hàn kò sì le: wọ́n á gbé omi aláwọ̀ búlúù kan sí ẹnu rédíétọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, bí èéfín iná bá ti ń wọ inú omi ọkọ̀, omi búlúù náà yóò di yẹ́lò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ rántí ohun tí àbúrò sọ fún mi. Ẹ̀dínwó yẹn gan-an ló pa á lẹ́nu mọ́. Ojú tì í láti yẹ ohun tí wọ́n fi inú rere gbé fún un wò, ẹni tó fún un náà kò sì mọ̀ pé inú rere òun ti di ìlẹ̀kùn tí òun fi há a mọ́ ìta.

Mi ò sì fi àbúrò sílẹ̀. Òun náà ti sọ ẹ̀dínwó náà di ohun mìíràn lọ́kàn ara rẹ̀: ó kà á sí ẹ̀jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n òun yóò máa tọ́jú ọkọ̀ náà fún òun lọ. Ìdí nìyẹn tó fi kọ "ọkọ̀ yín" nínú ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ti jẹ́ tirẹ̀, ìdí nìyẹn náà tí táyà méjì àti bíréèkì iwájú fi wà nínú ìwé owó ọ̀hún. Kò sí ẹni tó ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún un.

Bí a ṣe pín owó náà

Táyà, bíréèkì, ọ́ìlì, àti bẹ́líìtì tí wọ́n pààrọ̀ nítorí pé wọ́n ti tú ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìwọ̀nyí jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá gbogbo owó náà, mo sì gbé gbogbo wọn lé àbúrò lórí. Nǹkan tí lílò ń jẹ ni wọ́n, tuntun ni wọ́n sì fi sí i, òun ni yóò gbádùn wọn.

Gásíkẹ́ẹ̀tì, tẹmọ́sítáàtì, àwọn ọ̀pá omi àti owó iṣẹ́ títú ẹ́ńjìnnì jẹ́ ìdajì, mo sì gbé e lé ẹ̀gbọ́n. Àbùkù náà ti wà kí ọjà tó wáyé, ó mọ àmì rẹ̀, ó sì sọ pé kò sí.

Ìdá méjì nínú mẹ́wàá tó kù ni owó tí wọ́n fi fá ojú orí ẹ́ńjìnnì kó lè tẹ́jú padà, pẹ̀lú àwọn bóòtù rẹ̀, nítorí bóòtù tó máa ń nà bí wọ́n bá ti dè é kì í ṣe èyí tí a ń tún lò. Ibí yìí ni mo pẹ́ sí jù. Ọjọ́ méjì tí àbúrò fi wa ọkọ̀ lábẹ́ iná pupa ló fà á, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ pé iná pupa túmọ̀ sí kí ó dúró. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ọkọ̀ náà jù lọ ló sọ fún un pé kó bu omi kó máa lọ, kò sì fi kún un pé kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo pín in dọ́gba. Ọkọ àbúrò rò pé mo ṣe ojúsàájú sí ẹ̀gbọ́n níbí, ó sì lè jẹ́ pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí mo bá tún un ṣe lónìí, mo lè gbé díẹ̀ sí i lé ẹ̀gbọ́n lórí.

Àpapọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀gbọ́n ru ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá, àbúrò ru mẹ́rin. Ìpín ẹ̀gbọ́n sì bọ́ sí nǹkan bí owó oṣù méjì nínú èyí tí àbúrò jẹ ẹ́, nítorí náà a fagi lé oṣù méjì, ó ku mẹ́ta. Mo sọ fún àbúrò pé dídá owó dúró láìsọ̀rọ̀ kò dára. Gbèsè tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, ẹjọ́ rẹ̀ wà lọ́tọ̀, ìbá sì ti kọ lẹ́tà kan pé, "Mo dá owó yìí dúró títí tí a ó fi yanjú ọ̀rọ̀ yìí," kí ẹ̀gbọ́n má bàa rò pé olè ni wọ́n ń ja òun. Ó tọrọ àforíjì fún ìyẹn, àti fún ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n kò tọrọ àforíjì lọ́jọ́ náà. Ó ní òun yóò ronú sí i.

A kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ojú ewé kan: ọjọ́ ọjà, iye owó, kìlómítà ojú rẹ̀, ohun tí ọkọ̀ náà ní lára, oṣù mẹ́ta tó kù, àti ọjọ́ tí wọn yóò yí orúkọ padà. Àbúrò san owó náà pé láìyẹ ọjọ́. Ní ọjọ́ tí wọ́n pàdé láti yí orúkọ padà, ẹ̀gbọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó mú bírò, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà kan sí ìsàlẹ̀ níbi tí iye owó wà: "Mo dín ìdá kan nínú mẹ́fà fún un nítorí pé àbúrò mi ni. Ẹ̀bùn ni." Àbúrò kà á, ó sì fọwọ́ sí i.